Ilẹ̀kùn Tí O Yà

Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kìíní

Ọlọ́wọ́ Èédú, ọmọ ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo jí, mo jẹun, mo jókòó. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúnkún kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Aránṣọ tó ń gbé yàrá ìyá rẹ ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi oyin sí i.

Ìwé àwòrán rẹ dé. Àpò rẹ̀ ti ya létí kan, ṣùgbọ́n ohun inú rẹ̀ pé. Aránṣọ ka lẹ́tà tí o fi sínú rẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. O ní ẹ jẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán yín, ẹ kò mọ ojú ara yín. O ní oníkálukú ń ya ojú ìwé tirẹ̀ nílé, á ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní méjìlélọ́gbọ̀n, á kó o ránṣẹ́ sí akọ̀wé. Akọ̀wé á wá to gbogbo rẹ̀ pọ̀, á fi pín-ìn-nì gún un lẹ́yìn, á dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà fún yín. Ẹ kì í tà á. Ará ìta kò gbọdọ̀ rí i. Mo bi aránṣọ pé, "Ṣé ẹgbẹ́ awo ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

O ní ẹyọ kan péré ló kàn ọ́, òun náà lo sì fi ránṣẹ́ sí mi. Kí ló wá kù sí ọ lọ́wọ́? Ìwà rẹ láti kékeré nìyẹn. O máa ń fún èèyàn ní nǹkan kí wọ́n má bàa bi ọ́ ní ìbéèrè.

N kò mọ̀wé, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà rẹ láti ọdún mẹ́sàn-án tí o ti lọ, ẹnu ẹlẹ́nu ni mo fi ń gbọ́ ọ. Èyí ni àkọ́kọ́ tí mo fi ojú ara mi kà. Mo jókòó sẹ́nu fèrèsé láàárọ̀, mo ṣí i, n kò pe ẹnikẹ́ni. Mo mọ ojú ìwé tìrẹ láìjẹ́ pé wọ́n fi hàn mí. Ilé ìfọṣọ tí o ti ń ṣiṣẹ́ ni, aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn tí wọ́n tò ga bí òkè, àti ìwọ lábẹ́ rẹ̀, o kéré bí èèrà. Mo rí i pé ó ti rẹ̀ ọ́. Lẹ́tà rẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Wàyí o, gbọ́ èyí tí kò dára. Ẹsẹ̀ ni o kò mọ̀ ọ́n yà. Gbogbo èèyàn tí o yà dúró bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin tó ya ẹṣin lẹ́yìn rẹ, sọ fún un pé orúnkún ẹṣin kì í tẹ̀ níbẹ̀ yẹn; ẹṣin tirẹ̀ ń kúnlẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi. Obìnrin tó ya òjò ní odindi ojú ìwé mẹ́fà, kò sí èèyàn kankan nínú òjò náà. Ta ni òjò ń pa?

Aránṣọ ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á bínú. Mo ní, "Ṣé ìwọ lò ń sọ̀rọ̀ ni, àbí èmi? Kọ ọ́."

Ya èèyàn tí mo mọ̀. Sì yà á tóbi, kí tàdáwà rẹ̀ dúdú dáadáa. Wẹ́wẹ́ lò ń ya nǹkan, bí ẹni ń bẹ̀rù.

Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé? Mo bi ọ́ lọ́dún tó kọjá, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lo fi dá mi lóhùn.

Èmi ni, ìyá àgbà rẹ.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

Màmá Àgbà,

Mo kí yín, mo kí orúnkún yín, mo kí aránṣọ tí ẹ ń fi ìyà jẹ.

Ẹ ti dá ogun sílẹ̀ níbí. Ní ẹ̀yìn ìwé wa, ojú ìwé wà tí a ti ń dá ara wa lóhùn. Mo kọ ọ̀rọ̀ yín síbẹ̀ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ẹlẹ́ṣin (orúkọ tí mo fún ọkùnrin yẹn nìyẹn) kọ́kọ́ bínú, ó lọ wo ẹṣin gidi, ó wá kọ lẹ́tà sí mi pé ẹ jàre. Obìnrin òjò kò tíì fèsì. Akọ̀wé ní mo ti rú òfin, mo fi ìwé ẹgbẹ́ han ará ìta. Mo rò pé wọ́n máa lé mi. Ó wá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: ẹni tó bá ti fojú kan ìwé ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ ya ojú ìwé kan wá, kí òun náà di ọmọ ẹgbẹ́. Nítorí náà, Màmá, wọ́n ń retí yín. Bó ṣe ìlà kan péré lẹ fà, wọ́n á gbà á.

Oṣù méjì méjì la ń ṣe é. Ẹni tí kò bá mú nǹkan wá lẹ́ẹ̀mejì léra, àyè rẹ̀ bọ́ nìyẹn, ẹlòmíràn ti ń dúró dè é. Màmá, aṣọ ibùsùn ni mò ń ká láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ń dúró de iṣẹ́ ọwọ́ mi. N kò fẹ́ kí àyè yẹn bọ́.

Ti pé kí n yà á tóbi, ó dùn mí díẹ̀. Bí mo ṣe ń yà á wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi dá mi mọ̀.

Ẹ ní kí n ya èèyàn tí ẹ mọ̀. Mo ti yà á kí lẹ́tà yín tó dé. Ó wà nínú ìwé tí mo fi sínú àpò yìí. Ohun tí ẹnu mi kò lè sọ ni.

Ti wíwá sílé, iṣẹ́ kò tíì gbà mí láyè.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Ọlọ́wọ́ Èédú,

Mo kí ọ. Ìkíni tòní mọ síbẹ̀.

Mo ti rí i. Ojú ìwé mẹ́rin. Ọmọ kékeré kan wọ aṣọ ilé ìwé, ìwọ ni. Obìnrin kan dúró níwájú ilẹ̀kùn, ó ká apá lé àyà, ètè rẹ̀ tín-ínrín bí ojú abẹ. Èmi ni. Mo mọ ètè mi. Mo bi aránṣọ pé kí ni wọ́n kọ sókè orí rẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ ń gbàdúrà, Màmá."

Mo ní, "Ẹnu yìí kì í ṣe ẹnu àdúrà. Tún un kà."

Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́.

Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àwòrán kò mọ irọ́ pa bíi tìrẹ. Kà á bó ṣe wà, tàbí kí o kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ jáde nílé mi."

Ló bá kà á: "Ìyá ìyá mi ti ìyá mi mọ́lé títí ó fi kú. Ogún ọdún nìyí, n kò tíì béèrè ìdí rẹ̀."

Ó dára. Ìdí tí ojú ọjọ́ fi pọ̀ nínú lẹ́tà rẹ ti yé mi báyìí.

N kò ní bá ọ jà nítorí ètè. Bẹ́ẹ̀ ló rí. N kò ní bá ọ jà nítorí apá tí mo ká. Ṣùgbọ́n wo ilẹ̀kùn náà dáadáa. O ya irin ìdábùú tí wọ́n ń fà láti fi ti ilẹ̀kùn, o yà á sí ìta, níbi tí mo dúró sí. Irọ́ ni. Inú ni irin yẹn wà. Ilẹ̀kùn náà ṣì wà, aránṣọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo wọ yàrá rẹ̀ lọ. Mo tẹ́ bébà lé irin náà lórí, mo fi pẹ́ńsù tó fi ń sàmì sára aṣọ ha bébà náà títí irin fi jáde, òun àti ìṣó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Aránṣọ kọ "Inú yàrá" sórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì yẹn nìkan ni mo jẹ́ kó kọ.

Ojú ìwé tí àwọn èèyàn rẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi nìyí. Fún akọ̀wé. Wọ́n ti rí mi níwájú ilẹ̀kùn. Kí wọ́n wá rí irin.

Èmi ni, ẹni tí o yà.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Màmá Àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí ẹ kò tilẹ̀ rí mi.

Bébà yín dé. N kò fún akọ̀wé. Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi.

Màmá, mo rí i fúnra mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, n kì í ṣe afọ́jú. Mo ti ilé ìwé dé, mo rí àgádágodo lójú ilẹ̀kùn ìyá mi, ní ìta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn yín. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, mo ń kan ilẹ̀kùn, ẹ fà mí lápá kúrò níbẹ̀ títí apá mi fi wú. N kò fojú kan ìyá mi mọ́. Irin tàbí àgádágodo, èwo ló yàtọ̀ nínú rẹ̀? Wọ́n sì lè tú irin kàn síbòmíràn láàárín ogún ọdún.

Òfin ẹgbẹ́ wa ni pé a kì í fa ojú ìwé tó ti jáde ya. Ẹni tó bá ṣe àṣìṣe á tún un yà nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, kí gbogbo wa rí i. Èyí tí mo yà, òótọ́ ni lójú mi. N kò lè tún un yà torí pé ẹ bínú. Tí ohun kan bá wà tí n kò mọ̀, ẹ sọ ọ́. Ogún ọdún lẹ fi dákẹ́.

Ọmọ yín ṣì ni mí.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà

Ọlọ́wọ́ Èédú,

O kú iṣẹ́. Jókòó kí o tó ka èyí.

O ní mo dákẹ́. Òótọ́ ni. Wọ́n ní kí n dákẹ́ ni.

Ikọ́ ìyá rẹ ti di ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé sọ ọ́ níwájú rẹ̀ pé ikọ́ náà á ran ọmọdé, kí á mú ọ kúrò nílé. Kò sí ibi tí a lè mú ọ lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, ìyá rẹ tí kò lè dìde láti ọjọ́ mẹ́ta dìde, ó di ògiri mú, ó lọ fa irin náà. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dún. Mo ní, "Ṣílẹ̀kùn." Ó ní òun kò ṣí, pé o máa ń já wọlé bí ewúrẹ́ tí o bá ti ilé ìwé dé. Ìgbà tí o bá wà nílé ìwé nìkan ló ń ṣí i. Mà á gbé omi àti oúnjẹ wọlé, mà á gbé garawa jáde. Tó bá kù díẹ̀ kí o dé, á ní, "Màmá, ẹ jáde," á fa irin rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà. Nígbà tí o bá ń kan ilẹ̀kùn, á fi ìrọ̀rí bo ẹnu kí o má bàa gbọ́ ikọ́. Ìdí tí mo fi ń fà ọ́ kúrò níbẹ̀ nìyẹn. Mo fà ọ́ le. N kò ní bẹ̀bẹ̀ nítorí ìyẹn.

Ní ọjọ́ keje, o lọ sílé ìwé, kò ṣílẹ̀kùn. Mo pe káfíńtà, ó yọ ilẹ̀kùn kúrò lára férémù. Wọ́n gbé e lọ kí o tó dé. Káfíńtà dá ilẹ̀kùn padà, nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí wọ́n á fi wá fọ yàrá, mo sì fi àgádágodo tì í láti ìta. Àgádágodo tí o rí nìyẹn. Ìyá rẹ kò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bá mi sọ̀rọ̀ láti inú. Ó ní, "Tó bá béèrè, ẹ ní ẹ̀yin lẹ tì í. Ọmọ lè bínú sí ìyá àgbà, kó ṣì jẹun lọ́wọ́ rẹ̀. Tó bá bínú sí èmi, ta ló máa bá jà?" Mo ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ lò ń sọ. Ó ní kí n ṣèlérí. Mo ṣe é. Ìwọ kò wá béèrè. O dàgbà, o kó ẹrù rẹ, o lọ.

Mo ti ba ìlérí náà jẹ́ lónìí, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ bẹ̀. Ìwọ pàdánù ìyá. Èmi pàdánù ọmọ. Kò sẹ́ni tó ya ìyẹn.

Tí o bá tún máa yà á, yà á tóbi.

Èmi ni.

Ọmọ Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi aránṣọ ni. Màmá rò pé àdírẹ́sì ni mò ń kọ. Ojú wọn ń lọ. Dókítà ojú ní ti ọ̀tún ti tán, ti òsì kò ní pẹ́, kò sì sóhun tó lè dá a padà. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kí ẹ yà á tóbi nìyẹn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín, pé àwọn kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni wá torí àánú. Ní ti irin náà, inú ni mo bá a, ó ti dípẹtà mọ́ igi. Òróró ni mo fi tú u kó tó lè rìn. Kò sẹ́ni tó tún un kàn.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹjọ

Ọlọ́wọ́ Èédú,

Mo kí ọ. Tí o bá wà láàyè, jẹ́ mi.

Mo ti ka oṣù. Ó yẹ kí ìwé yín jáde ní oṣù kẹfà. Ó tún yẹ kó jáde lóṣù yìí. N kò rí ọ̀kan. Ṣé o ti jẹ́ kí àyè rẹ bọ́? Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí o ní wọ́n ń dúró dè ọ́, ṣé wọ́n ti lọ jókòó?

Sun ẹkún tí o bá máa sun, kí o nu ojú, kí o mú pẹ́ńsù. Ọjọ́ kejì tí ìyá rẹ kú, mo fọ aṣọ ilé ìwé rẹ, torí ọjọ́ ìwé ni.

Aránṣọ ń wò mí bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò. Mo mọ̀ pé ó ti bá ọ sọ nǹkan lẹ́yìn mi. Tó bá ti sọ ọ́, ó ti sọ ọ́. Ṣe kíá.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹsàn-án

Màmá Àgbà,

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. N kò mọ ìkíni tó yẹ kí n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ forí jì mí.

Ti oṣù kẹfà kọjá, n kò mú nǹkan kan lọ. Mà á jókòó sídìí tábìlì, ọwọ́ mi á kọ̀. Akọ̀wé kọ̀wé pé bí ti oṣù kẹjọ bá tún fo mí, mo ti jáde. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo yọ bébà yín lábẹ́ ibùsùn, mo tẹ́ ẹ síwájú mi.

Mo ti tún ilẹ̀kùn náà yà. Lákọ̀ọ́kọ́, láti inú: obìnrin kan di ògiri mú, ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lórí irin. Lẹ́yìn náà, láti ìta: obìnrin kan jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. N kò ya ètè rẹ̀. Ìka rẹ̀ ni mo yà, ó fi kan ilẹ̀kùn níbi tí irin wà ní òdì kejì. Búrọ́ọ̀ṣì tó nípọn jù lọ́wọ́ mi ni mo lò, àwòrán kan fún odindi ojú ìwé kan. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Mo ṣe àṣìṣe. Inú ni irin wà." Bébà yín ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀dà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ṣe, torí wọ́n ti kà yín mọ́ wa.

Obìnrin òjò dá yín lóhùn nínú ìwé yìí. Ó ní ìyá òun ni òjò náà ń pa, òun kò tíì lè yà á.

Aránṣọ ti sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e jáde. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n ní ó di oṣù kọkànlá. Mò ń bọ̀, Màmá. Kì í ṣe torí àánú.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Ọlọ́wọ́ Èédú,

Mo kí ọ. Ìwé méjì dé lánàá, tìrẹ àti tèmi. Aránṣọ ní wọ́n kọ mí sẹ́yìn rẹ̀, ẹni kẹtàlélọ́gbọ̀n. Ó dára.

Ó pẹ́. Ojú òsì náà ti lọ, ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Mo jí, mo rò pé ilẹ̀ kò tíì mọ́, mo wà lórí ibùsùn títí mo fi gbọ́ ariwo àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé. Báyìí ló ṣe rí, n kò fẹ́ ariwo lórí rẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lé itan lẹ́nu fèrèsé, bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo fọwọ́ wá a. Ojú ìwé dán bí inú àwo. Bí o ṣe yà á tóbi tó, ọwọ́ kò rí i.

Mo ní kí aránṣọ gbé ìka mi lé irin náà. Ó gbé e. Mo ní, "Inú ni, àbí ìta?"

Ó ní, "Inú ni, Màmá."

Mo ní, "Ìwọ náà lo sọ fún mi pé mò ń gbàdúrà."

Ó bú sẹ́kún. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ẹkún rẹ̀ ṣe. Mo ní kó mú mi lọ sí yàrá rẹ̀. Mo fọwọ́ kan irin gidi, mo fà á lọ, mo fà á bọ̀. Ìyẹn kò kúrò níbi tí mo mọ̀ ọ́n sí. Ṣùgbọ́n èyí tí o yà, n kò lè sọ pé mo rí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn ọ́ pé mo rí i. Wá gbé ìka mi lé e fúnra rẹ. Ìwọ ni mo máa gbà gbọ́. Nígbà tí o rò pé mo jẹ̀bi, o yà á bẹ́ẹ̀, o kò fi oyin sí i.

Sọ fún Ẹlẹ́ṣin pé orúnkún ẹṣin rẹ̀ ti dára. Aránṣọ ló wí bẹ́ẹ̀, kí ó má fi ṣe ìgbéraga. Sọ fún obìnrin òjò pé kó ya ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹni tó máa wò ó ṣì ríran.

Tí o bá dé ní oṣù kọkànlá, sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà kí o tó wọlé. Ẹsẹ̀ ọmọ ọdún méjìdínlógún ni etí mi mọ̀. Èyí tí o fi ń rìn báyìí, n kò mọ̀ ọ́n.